Ẹ Má Ju Kírósófà Àtijọ́ Nù: Bí A Ṣe Ń Wọn Ohun Tí Àmì Ara Rẹ̀ Ti Parẹ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Sípíkà ńláńlá pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn ìlú láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti dàgbà ju àwọn ọmọ tó ń fi wọ́n kọrin lọ. Bí tùwítà ọ̀kan, ìyẹn sípíkà kékeré inú àpótí tó ń gbé ohùn òkè, bá dákẹ́, tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ rédíò, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á tú kírósófà inú rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń pín ohùn òkè fún tùwítà àti ohùn ìsàlẹ̀ fún wúfà (sípíkà ńlá), sọnù, wọ́n á fi kápásítọ̀ kan ṣoṣo sójú wáyà tùwítà, wọ́n á so wúfà mọ́ áńpù tààrà. Yóò dún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wúfà á máa gbé ohùn tí kò yẹ kó gbé, ọ̀rọ̀ oníwàásù á di wúruwùru, tùwítà tuntun náà ò sì ní pẹ́ jóná. Kápásítọ̀ kan ṣoṣo ń gé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) 6 péré ní gbogbo ìgbà tí ohùn bá fi ìlọ́po méjì sọ̀ kalẹ̀. Kápásítọ̀ pẹ̀lú kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n yí jọ, ń gé 12. Ohùn ìsàlẹ̀ tó yọ́ kọjá yẹn ló ń pa tùwítà.

Àwọn tó ṣe àpótí náà yan ìwọ̀n kápásítọ̀ àti kọ́ìlì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wúfà àti tùwítà inú rẹ̀ ṣe rí. Kírósófà tuntun tí wọ́n ń tà lọ́jà ò mọ̀ wọ́n rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á wọn ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù àtijọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á sì pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ nìkan. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé àmì ara kápásítọ̀ lè ti parẹ́, kọ́ìlì kì í sábà ní àmì rárá, mítà náà sì lè ṣi ẹni lọ́nà bí a kò bá mọ ohun tí à ń bi í.

Kí mítà tó jáde

Ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù náà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ mú bébà, kí ẹ ya bí ojú ọ̀nà kọ́pà ṣe lọ láti ibi tí wáyà áńpù ti wọlé títí dé ẹnu wúfà, lẹ́yìn náà títí dé ẹnu tùwítà. Kọ́ìlì tó tóbi jù ló sábà máa ń wà lójú ọ̀nà wúfà, kápásítọ̀ ló sì máa ń wà lójú ọ̀nà tùwítà. Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kan wà lójú ọ̀nà, tí èkejì sì sọ̀ kalẹ̀ sórí wáyà dúdú. Ẹ fi àmì sí wọn, a máa padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ: C1, C2 fún kápásítọ̀, L1, L2 fún kọ́ìlì, R1 fún rẹ̀sítọ̀ tó ń dín iná kù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tú wáyà wúfà àti tùwítà kúrò pátápátá. Wúfà tí wọ́n kọ 8 Ω (ohm, ìwọ̀n ìdènà iná) sí máa ń fi nǹkan bíi 5.5 sí 6.5 Ω hàn lórí mítà. Bó bá ṣì wà lára bọ́ọ̀dù, òun pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mítà á kà pọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi áyọ́ọ̀nù yọ ẹsẹ̀ kan nínú méjì lára ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n. Ẹsẹ̀ kan tó. Ẹni tí kò yọ ẹsẹ̀ kankan, odidi bọ́ọ̀dù ló ń wọ̀n.

Níbi tí ẹ ti ń yọ ọ́ yìí, ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù dáadáa. Kọ́ìlì wúwo, àpótí tí wọ́n sì ń gbé sínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Kàbà sí Ìsánlú máa ń mì jìgìjìgì, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ kọ́ìlì ṣe ń là. Òrùka dúdú tín-ín-rín tó yí ẹsẹ̀ náà ká ni àmì rẹ̀. Ẹ fá a, ẹ tún un jó pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì tuntun. Nígbà mìíràn gbogbo àrùn àpótí náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí àmì bá ṣì wà lára kápásítọ̀, ẹ kà á báyìí: MFD tàbí MF lára ti àtijọ́, µF (máíkrófáràdì, ìwọ̀n kápásítọ̀) ni. NP tàbí BP fi hàn pé kò ní ẹsẹ̀ rere àti ẹsẹ̀ òdì, ọ̀nà tó bá wù yín lẹ lè gbà so ó. Lára èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí, 105 jẹ́ 1 µF, 225 jẹ́ 2.2 µF, 475 jẹ́ 4.7 µF. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ni àyè àṣìṣe: J fún 5 nínú 100, K fún 10, M fún 20. Lára rẹ̀sítọ̀ funfun onísìmẹ́ńtì, 4R7 jẹ́ 4.7 Ω, R47 jẹ́ 0.47 Ω. Àwọn méjì yìí máa ń da ojú rú, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po mẹ́wàá ló wà láàárín wọn.

Rẹ̀sítọ̀

Èyí yá. Ẹ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn. Bó bá fi 0.3 Ω hàn, ẹ máa yọ 0.3 kúrò nínú gbogbo ohun tí ẹ bá kà. Lára rẹ̀sítọ̀ 2.2 Ω, 0.3 yẹn kì í ṣe kékeré. Kí bátìrì mítà náà lágbára, torí bátìrì tó ti rẹ̀ máa ń mú mítà ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

Bí rẹ̀sítọ̀ bá ti jóná tí kò sì sí nọ́ńbà mọ́, ẹ wọn ti àpótí kejì. Sípíkà méjì ló sábà máa ń wà, ìkejì sì ni ìwé ìtọ́sọ́nà tó dájú jù fún èkíní. Bí ti méjèèjì bá jóná, ẹ mọ̀ pé 2.2 Ω níwájú tùwítà 8 Ω ń dín ohùn rẹ̀ kù ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 2, 4.7 Ω ń dín in kù ní nǹkan bíi 4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4.7, kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ó sàn kí tùwítà kọ́kọ́ rọlẹ̀ ju kó máa gún etí lọ.

Ẹ béèrè ohun tó jó rẹ̀sítọ̀ náà kí ẹ tó fi tuntun sí i. Èyí tó wà níwájú tùwítà, áńpù tí wọ́n fi agbára mú kọjá ibi tó lè dé ló sábà máa ń jó o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 10 Ω tó tẹ̀lé kápásítọ̀ kan, tí àwọn méjèèjì jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúfà, kápásítọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kan ara wọn nínú, rẹ̀sítọ̀ náà ló ń gba gbogbo iná áńpù. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀sítọ̀ nìkan, yóò tún jóná.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun pẹlẹbẹ yẹ́lò tó rí bíi kápásítọ̀ lójú ọ̀nà tùwítà. Bí mítà bá ka ohun tí kò tó 1 Ω lára rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tùwítà ni: bó bá gbóná, ìdènà rẹ̀ ń ga sókè, ó sì ń dí iná lọ́nà. Gílóòbù kékeré tó gùn tó wà nínú àwọn àpótí kan ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ má fi kápásítọ̀ rọ́pò wọn.

Kápásítọ̀

Nínú àpótí àtijọ́, èyí tó rí bí agolo kékeré tí wọ́n fi ike wé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Omi kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ooru ilẹ̀ wa sì ń mú un yá. Bó ti ń gbẹ, µF rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ìdènà inú rẹ̀ tí mítà ń pè ní ESR sì ń gòkè. Kápásítọ̀ fíìmù ò ní omi, kì í gbẹ. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

Kí kápásítọ̀ tó kan mítà, ẹ fi rẹ̀sítọ̀ 100 Ω kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná inú rẹ̀ lè tú dànù. Ẹ̀rọ ìdánwò kékeré bíi LCR-T4 àti TC1, tí àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn torí owó rẹ̀ ò pọ̀, lè kú lójú ẹsẹ̀ bí iná bá ṣì wà nínú ohun tí ẹ fi sí i lẹ́nu.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ ni kápásítọ̀ tó ka ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹ rí 4.7 µF tó ka 6, ẹ sọ pé ó ṣì lágbára. Iná ló ń jò nínú rẹ̀. Mítà lásán máa ń rọ iná díẹ̀díẹ̀ sínú kápásítọ̀, ó sì ń ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó kún. Bí iná bá ń jò, yóò pẹ́ kó tó kún, mítà á rò pé inú rẹ̀ fẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ní mítà LCR, tó ń wọn kọ́ìlì, kápásítọ̀ àti rẹ̀sítọ̀, ẹ gbé e sí 1 kHz (ìmì 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kí ẹ lo Cs, ibi tó ń ka kápásítọ̀ bí ẹni pé ìdènà inú rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ wo nọ́ńbà D, tó ń sọ bí iná ṣe ń ṣòfò tó nínú kápásítọ̀, pẹ̀lú µF. D fíìmù kì í tó 0.01. NP tó ṣì dára máa ń wà ní nǹkan bíi 0.03 sí 0.10. Bó bá ti kọjá 0.2, kí µF rẹ̀ pé tàbí kó má pé, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ẹ wo ìdí rẹ̀: ní 1 kHz, ìdènà 4.7 µF jẹ́ 33.9 Ω, ẹ fi 0.2 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ní 6.8 Ω. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tùwítà fúnra rẹ̀. Ohùn tó yẹ kó dé etí ìjọ ń di ooru nínú agolo kékeré kan.

Ohun tí ẹ bá kà kò ní bọ́ sí gẹ́ẹ́. Àwọn ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni 1, 1.2, 1.5, 1.8, 2.2, 2.7, 3.3, 3.9, 4.7, 5.6, 6.8 àti 8.2, àti ìlọ́po mẹ́wàá wọn. 4.6 á jẹ́ 4.7. Ṣùgbọ́n 4.2 lára agolo tó ti gbẹ lè jẹ́ 4.7 tó ti rù, ó sì lè jẹ́ 5.6 tó ti rù gidi. Níbẹ̀ ni ti àpótí kejì tún ti wúlò. Bí ti méjèèjì bá fi ju ìdá mẹ́wàá lọ yàtọ̀ síra, ó kéré tán ọ̀kan ti bàjẹ́, èyí tí D rẹ̀ kéré ni kí ẹ gbà gbọ́.

Kọ́ìlì

Ibi tí iṣẹ́ ti ń sú ọ̀pọ̀ nìyí, nítorí pé kọ́ìlì ò ní àmì, mítà lásán ò sì ní ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ gbé kọ́ìlì kúrò lórí tábìlì irin, kúrò nítòsí mágínẹ́ẹ̀tì wúfà, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì mìíràn. Orí pákó ló dára jù. Bí àárín rẹ̀ bá ṣófo, ẹ wo bóòtù tó dè é mọ́ bọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ pé ike tàbí búráàsì ni ti ilé iṣẹ́, tí ẹnì kan wá fi bóòtù irin rọ́pò rẹ̀ nígbà tó ń tún un ṣe, mH rẹ̀ (mílíhẹ́nìrì, ìwọ̀n kọ́ìlì) ti gòkè, ibi tí wúfà ti ń dákẹ́ sì ti yí padà. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi okùn ike dè é.

Mítà LCR ní 1 kHz tó fún kọ́ìlì tí àárín rẹ̀ ṣófo. Kọ́ìlì ńlá onírin ti wúfà, èyí tó ní irin láàárín, ẹ wọ̀n ọ́n ní 100 tàbí 120 Hz pẹ̀lú, kí ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sí 10 kHz, irin náà á mú kó ka kékeré. TC1 àti LCR-T4 ń ka kọ́ìlì, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ wọn jẹ́ 0.01 mH: fún 1 mH, ó dára, fún kọ́ìlì tùwítà 0.15 mH, àṣìṣe ìṣísẹ̀ kan ti jẹ́ 7 nínú 100.

Mítà ohm nìkan ò lè sọ bóyá kọ́ìlì ti jóná. Bí ọ̀dà ara wáyà bá jóná, tí ìyípo méjì kan ara wọn, ohm rẹ̀ á dín díẹ̀ tí ojú ò ní rí, ṣùgbọ́n mH rẹ̀ á já lulẹ̀. Kọ́ìlì tó ti dúdú, tó ń rùn, ẹ má torí ohm dá a láre.

Fún èyí tó ti jóná pátá, ẹ tú u ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn ara rẹ̀ ní mílímítà: r, láti ààrin gbùngbùn kọ́ìlì dé àárín ìpọn wáyà, b, bí ìdì wáyà náà ṣe ga tó, c, bí ìdì náà ṣe nípọn tó láti inú síta. Bí n bá jẹ́ iye ìyípo, ìwọ̀n rẹ̀ ní µH jẹ́ 0.0315 × r² × n² ÷ (6r + 9b + 10c). Ọ̀nà Wheeler ni, ó sì súnmọ́ òtítọ́ gan-an fún kọ́ìlì onípele púpọ̀ tí àárín rẹ̀ ṣófo. Ẹ wò ó: r 20, b 20, c 10, n 150. Òkè jẹ́ 283,500, ìsàlẹ̀ jẹ́ 400, ìdáhùn jẹ́ 709 µH, ìyẹn 0.71 mH. Bí wáyà rẹ̀ bá jẹ́ 1 mílímítà, yóò gùn tó mítà 19, ohm rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi 0.41. Ìṣirò yìí kò wúlò fún kọ́ìlì onírin.

Fóònù àti rẹ̀sítọ̀ kan

Ẹni tí kò ní mítà LCR ní Mọ́pà tàbí Ìyàrà ò ní láti dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlọrin. Ẹ wá ápù tó ń dún ohùn kan ṣoṣo sórí fóònù, ẹ so fóònù mọ́ áńpù kékeré, ẹ wá rẹ̀sítọ̀ 100 Ω tí ẹ ti wọ̀n tẹ́lẹ̀. Mítà tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ lè ka AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) kékeré. Mítà kékeré DT-830 ò lè ṣe é, torí AC rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 200 V, ìdá mẹ́wàá fólìtì kan ni ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Fún kápásítọ̀: ẹ so rẹ̀sítọ̀ àti kápásítọ̀ tẹ̀léra lórí ẹnu áńpù, ẹ gbé fóònù sí 400 Hz, torí ọ̀pọ̀ mítà ò ka AC dáadáa kọjá ibẹ̀. Ẹ ka fólìtì orí rẹ̀sítọ̀, ẹ ka ti orí kápásítọ̀. Ká ní ó jẹ́ 1.30 àti 1.10. Ẹ pín 1.10 sí 1.30, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: 84.6 Ω. Ẹ wá pín 398 sí 84.6: 4.7 µF. Nọ́ńbà 398 yẹn, ti 400 Hz nìkan ni. Fún ohùn mìíràn, ẹ pín 159,155 sí Hz rẹ̀.

Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ ka fólìtì àpapọ̀ lórí àwọn méjèèjì. Kápásítọ̀ tó dára á fún yín ní 1.70 (1.30 ní ìlọ́po ara rẹ̀, pẹ̀lú 1.10 ní ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá gbòǹgbò àpapọ̀ wọn). Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìdènà ti wọ inú kápásítọ̀ náà. Ẹ ti rí ESR láìní mítà rẹ̀.

Fún kọ́ìlì, 400 Hz ti lọ sílẹ̀ jù, 0.5 mH ò ju 1.26 Ω lọ níbẹ̀. Ẹ mú kápásítọ̀ fíìmù 10 µF tó dá yín lójú, ẹ so ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, kí ẹ fi rẹ̀sítọ̀ 100 Ω síwájú àwọn méjèèjì. Ẹ máa yí ohùn fóònù díẹ̀díẹ̀ láti 500 Hz lọ sókè, kí ojú yín wà lára fólìtì orí kọ́ìlì. Yóò máa gòkè, yóò dé ibì kan tí ó ga jù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹ padà sí ibi tó ga jù yẹn, kí ẹ máa yí i ní 10 Hz. Kò ṣe nǹkan bí mítà ò bá ka fólìtì náà gẹ́ẹ́, ibi tó ga jù la ń wá. Ẹ kọ ohùn náà sílẹ̀ ní kHz, ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi µF kápásítọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín 25.33 sí i. Bó bá jẹ́ 2.25 kHz pẹ̀lú 10 µF: 2.25 × 2.25 × 10 jẹ́ 50.6, 25.33 ÷ 50.6 jẹ́ 0.50 mH. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò béèrè ju ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rédíò kankan lọ.

Ohun tí ẹ máa rà

NP kì í fi gbogbo ìgbà wà lọ́jà. Kápásítọ̀ onírere-àti-òdì méjì tó dọ́gba, tí ẹ so òdì mọ́ òdì, á di NP tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdajì ọ̀kan: 10 pẹ̀lú 10 á di 5 µF. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń ròpọ̀: 3.3 pẹ̀lú 1.5 jẹ́ 4.8. Ẹ ra 100 V. Áńpù 100 W lórí 8 Ω ń ta iná dé 40 V ní orí ìgbì, 50 V ò fi àyè sílẹ̀ tó.

Bí ẹ bá fi fíìmù rọ́pò NP níwájú tùwítà, ohùn òkè lè gún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ìdènà inú NP wà lára ìṣirò ilé iṣẹ́. Ẹ fi rẹ̀sítọ̀ 0.5 sí 1 Ω tẹ̀lé e. Wáyà kọ́ìlì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yí mọ́tò iná. Kí ó nípọn bíi ti àtijọ́, torí wáyà tín-ín-rín á fi ohm kún ọ̀nà wúfà, báàsì á sì rọ. Ẹ yí i kọjá iye tí ẹ kà ní ìyípo márùn-ún, kí ẹ máa tú u padà bí ẹ ti ń wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti padà sí àyè rẹ̀, ẹ wọn ohm ẹnu àpótí láìtíì so áńpù. Àpótí 8 Ω oníwúfà kan yẹ kó ka nǹkan bíi 6 sí 7 Ω, ìyẹn wúfà pẹ̀lú kọ́ìlì rẹ̀. Bí kò bá ka nǹkan kan, ẹ padà sí lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ kọ́ìlì ńlá. Bó bá ka ohun tí kò tó 3 Ω, áńpù ò gbọdọ̀ kàn án: ẹ yọ ẹsẹ̀ kápásítọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúfà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.